Ìpápánu kùkúḿbà àti ìgbá tí kò gba iná: kí la lè gbé lé e lórí tí kò ní ṣomi?

Ìyá Àlàdé (Àkúrẹ́)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa máa ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé ní Alágbàká, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èèyàn 25. Wọn ò fẹ́ búrẹ́dì, wọn ò fẹ́ ohun díndín, torí àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n dín ìyẹ̀fun kù pọ̀ níbẹ̀. Kò sí ibi ìdáná ní gbọ̀ngàn náà. Mo ní i lọ́kàn láti gé kùkúḿbà róbótóróbótó, kí n fi nǹkan tó lata, tó níyọ̀ díẹ̀ sí i lórí. Àmọ́ irú ẹ̀ tí wọ́n máa ń gbé wá lóde, kó tó dọ́wọ́ ẹni ó ti ṣomi, ohun orí ẹ̀ á máa yọ̀ bọ́. Kí ló ń fà á? Kí ni kí n gbé lé e, mélòó ni kí n rà? Fíríìjì wà nílé, kúlà kan náà wà.

Ọmọ Ekìmógún
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ mà. Nínú 100 gíráàmù kùkúḿbà, omi tó nǹkan bí 95, iyọ̀ ló sì máa ń pe omi yẹn jáde. Ẹni tó bá gé e tán, tó wọ́n iyọ̀ tàbí Maggi sí i, tó wá gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan, omi ló máa bá nínú tíréè. Ẹ jẹ́ kí omi náà kọ́kọ́ jáde nílé, kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e.

Ẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn kí ọ̀bẹ tó kàn án, torí ìdọ̀tí ara èèpo ni ọ̀bẹ máa ń gbé wọnú. Ẹ gé ìdí tó so mọ́ igi dànù, ìwọ̀n ìbú ìka kan, torí ibẹ̀ ni ìkorò máa ń pọ̀ sí. Ẹ tọ́ èyí tó tẹ̀ lé e wò. Tó bá ṣì korò gan-an, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sọnù. Orí tí wọ́n máa ń gé, tí wọ́n ń fi ra ara ẹ̀ títí tó fi máa hó yẹn, kò mú ìkorò inú ẹ̀ lọ.

Ẹ bó èèpo ní ìlà-ìlà, ẹ má bó o tán, torí èèpo tó kù ló ń jẹ́ kó dúró gírí lọ́wọ́. Kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ á tẹ̀ tí wọ́n bá gbé e. Ẹ tò ó sórí aṣọ mímọ́, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, ìdajì ṣíbí tíì fún kùkúḿbà méjì, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Omi á ṣẹ́yọ lójú ẹ̀ ní kóró-kóró bí òógùn. Ẹ fi tíṣù nù ún lójú méjèèjì, ẹ tẹ́ tíṣù gbígbẹ sínú ike, ẹ tò ó sí i, kó wọ fíríìjì. Iyọ̀ tó ṣẹ́ kù lára ẹ̀ ti tó o. Ẹ má fi iyọ̀ sí ohun tó máa lọ sórí mọ́.

Àdùkẹ́ Onípápánu
Òótọ́ ni. Ohun tó máa lọ sórí náà sì gbọ́dọ̀ ki. Ẹ bù ú sí ṣíbí, ẹ dojú ṣíbí dé: tí kò bá já bọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ti dáa.

Ẹ̀pà lílọ̀ ni mo fara mọ́ jù, torí òróró inú ẹ̀ kì í jẹ́ kí omi kùkúḿbà ríbi wọlé. Fún 50 ẹyọ: ṣíbí ìjẹun 15 ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ní ṣúgà, ṣíbí tíì 2 yájì, ìdajì ṣíbí tíì ata gígún, àti àlùbọ́sà kékeré kan tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́, tí ẹ sì fún omi ẹ̀ dànù. Tó bá le jù, òróró ẹ̀pà ni kí ẹ fi dẹ̀ ẹ́, ṣíbí tíì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bu omi sí i rárá! Omi díẹ̀ tó bá kán sínú ẹ̀pà lílọ̀ máa ń jẹ́ kó dì gbagidi, lèèyàn á bá tún máa bu omi sí i títí tó fi máa ṣàn.

Kúlíkúlí gígún dùn lórí ẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e síwájú èèyàn ni kí ẹ wọ́n ọn. Tó bá pẹ́ lórí ẹ̀, á rọ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa lọ ẹ̀pà yín, ẹ ṣa èyí tó hunjọ, tó dúdú tàbí tó ti bu kúrò. Oró tó wà nínú ẹ̀pà tó ti bu, yíyan ò pa á.

Bàbá Kẹ́mi
Sadíìnì àti máyónéèsì ńkọ́? Òun ló wọ́pọ̀ jù.

Àdùkẹ́ Onípápánu
Sadíìnì dáa, sà. Máyónéèsì tí wọ́n máa ń dà sí i yẹn ló ń yọ̀. Agolo 125 gíráàmù méjì tó 50 ẹyọ: ẹ gbọ́n òróró ẹ̀ dànù nínú asẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fi fọ́ọ̀kì fọ́ ọ teegun-teegun (eegun ẹ̀ rọ̀), ìdajì àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, ata rodo kan tí ẹ ti yọ kóró ẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì 2. Máyónéèsì ò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìjẹun kan, kó ṣáà lè so ó pọ̀. Tòmátò ò gbọdọ̀ débẹ̀, omi lásán ni.

Ìyá Ìbejì Ìsìnkàn
Ẹ ò ì tíì dárúkọ ìgbá, èyí tí kò lómi tó kùkúḿbà! Ẹ ra kékeré, kó le, kó máa dán, kí igi orí ẹ̀ ṣì tutù. Ńlá tó ti ń pọ́n, kóró inú ẹ̀ ti gbó, á korò. Ẹ là á sí méjì, ẹ fi ṣíbí tíì gbẹ́ àárín ẹ̀ díẹ̀, ẹ di ẹ̀pà aláta yẹn sí i. Àwọn ará Ìgbò ti ń fi ẹ̀pà lílọ̀ jẹ ẹ́ tipẹ́, wọn ò jẹ̀bi. Afẹ́fẹ́ ló máa ń sọ ojú ẹ̀ di pípọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn tí ẹ bá là á, nítorí náà, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ojú ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kárọ́ọ̀tì tí ẹ bá gé gbọọrọ, inú omi tútù tí kò níyọ̀ ni kó wà ní fíríìjì, á le kako. Omi oníyọ̀ á sọ ọ́ di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Ìyá Àlàdé (Àkúrẹ́)
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù kún yín. Ṣé mo lè tò ó tán láti àárọ̀? Ṣé mo lè fi wàrà sí díẹ̀ nínú ẹ̀?

Àdùkẹ́ Onípápánu
Rárá mà, ẹ má tò ó láàárọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ po ẹ̀pà. Ọ̀sán Sátidé, ẹ gé kùkúḿbà, ẹ fa omi ẹ̀, ẹ po sadíìnì, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú kúlà pẹ̀lú áìsì, ike lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbá náà, gbọ̀ngàn ni kí ẹ ti là á. Ẹ di ẹ̀pà sínú ọ̀rá mímọ́ tó nípọn, ẹ gé igun ẹ̀ kan, kí ẹ máa fún un jáde sórí ẹ̀. Ó yá ju ṣíbí lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.

Ní ti iye, ẹyọ mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: kùkúḿbà mẹ́ta, ààbọ̀ ìgbá kan. Kùkúḿbà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 máa fún yín ní nǹkan bí 17, nítorí náà márùn-ún tó, ẹ ra mẹ́fà torí èyí tó lè korò. Ìgbá 13, ẹ ra 15. Ẹ̀pà lọ sórí gbogbo ìgbá àti kùkúḿbà 25, sadíìnì sórí 50 tó kù.

Ti wàrà, mi ò ní fi sí i. Wọ́n ti sè é lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ àti omi tó ti kàn án lọ́jà pọ̀, kò sì síná tí ẹ máa fi tún un dín.

Ọmọ Ekìmógún
Kí sadíìnì má ju wákàtí méjì lọ níta kúlà. Tí ooru bá ju 32 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, wákàtí kan péré. Ẹ gbé ìdajì jáde, kí ìdajì wà lórí áìsì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lórí tábìlì, ẹ má dì í fún ẹnikẹ́ni lọ sílé.

Ìyá Ìbejì Ìsìnkàn
Kí tíréè ẹ̀pà dá wà, kí ṣíbí ẹ̀ náà dá wà, kí ẹ kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé ẹ̀pà ni. Àwọn kan wà tí ẹ̀pà kì í bá lára mu, èyí tó bá yí mọ́ sadíìnì lásán á ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀.